Akoto Kì í Ṣe Fìlà

Ariwo àárọ̀ ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn ará àdúgbò. Agogo àdúrà Bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ dún ní pálọ̀, a ó kọrin, a ó gbàdúrà, a ó ṣe àmín, bí a bá sì ti ṣe àmín tán ni ìgbálẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn lójúde lẹ́ẹ̀kan náà, ṣàà, ṣàà, ṣàà, tí ewúrẹ́ Bàbá Àgbà yóò máa ké bí ẹni pé òun ni wọ́n ń gbá. Ohun tó mú ilé wa yàtọ̀ ní ọdún tí mò ń rántí yìí ni pé gbogbo àwa ọmọ tí a ń gbálẹ̀ la fi aṣọ bo imú, tí a so ó mọ́ ìpàkọ́ bí olè tó ń múra iṣẹ́. Bàbá mi ló ní kí a máa ṣe é. Ó ní eruku kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà, ibi tó bá ti rí ihò imú ló ń wọ̀. Àwọn ọmọ ilé kejì yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọn yóò máa pè wá ní eégún aláṣọ kékeré, àwa náà yóò sì máa fún wọn lésì láti abẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bo ẹnu kì í lè bú ènìyàn kó dùn.

Iṣẹ́ Bàbá mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ń bá kọ́ńpìnnì kékeré kan ṣiṣẹ́ tó ń wa òkúta iyebíye lẹ́bàá Iresa, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Òun kọ́ ló ń wa ilẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá wọ kòtò láàárọ̀ gbé orí, ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó gbé wọlé jáde nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni akoto wà, fìlà líle tí òkúta ń já lé tí orí kì í fi í fọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni bàtà tí wọ́n fi irin sí níwájú wà, àti ìbọ̀wọ́ aláwọ, gíláàsì ńlá tí ń bo ojú, ìbomú, okùn, àti fèrè kan tó máa ń so kọ́rùn. Bó bá fọn fèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan ti rú òfin nìyẹn. Bó bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí gbogbo ènìyàn sá jáde. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́, Ṣéfítì, ìyẹn ààbò lédè òyìnbó, ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àárọ̀ Mọ́ńdè ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ló ń dé, pẹ̀lú mángòrò nínú àpò kan àti kajú nínú èkejì. A ó ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé kì í ṣe òun gan-an là ń dúró dè.

Kí ó tó jókòó ni yóò ti yí ilé ká bí ẹni tó fẹ́ ra ilé. “Ta ló fi ọbẹ sílẹ̀ tí ojú rẹ̀ kọ sókè?” “Ta ló ṣí kànga tí kò dé e?” “Àkàbà yìí, ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni, tó fi ń fara ti ògiri báyìí?” Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ló máa ń sinmi, nítorí ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ, a kì í sì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ àdúrà. Àwọn aládùúgbò ti mọ̀, wọn yóò dúró dè é kó jáde láìwọ bàtà, pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ abíyá. Wọn á ní, “Ṣéfítì! Ìṣó wà lójú ọ̀nà o! Bàtà onírin dà?” Bàbá mi yóò ní, “Ọlọ́run ló ni ìṣọ́ tòní, èmi wà lóòfù.” Títí di òní, bí mo bá dé ilé ẹlòmíì tí mo rí ọbẹ tó kọ ojú sókè, ọwọ́ mi á ti dà á dé kí n tó mọ̀.

Ẹni tí òfin yìí mú jù ni Ìyá mi, òun náà ló sì gbádùn rẹ̀ jù. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ tó fi gíláàsì awakùsà dín ata. Bàbá mi mú ọ̀kan tí ìgò rẹ̀ ti sán díẹ̀ wálé, ó ní kó máa lò ó nídìí ààrò nítorí èéfín. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó gbé e wọ̀, ó da ata sínú òróró gbígbóná, gbogbo wa ń húkọ́ láti ojúde dé pálọ̀, òun nìkan ló dúró láàárín èéfín bí ayaba. Obìnrin ilé kejì yọjú láti orí ògiri, ó ní, “Ìyá Gbádé, ṣé ọkọ̀ òfurufú lẹ fẹ́ wà ni?” Ìyá mi kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, “Ọbẹ̀ ni mò ń sè. Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún lórí ọbẹ̀ tiyín lójoojúmọ́, ta ló kú?” Kí oṣù náà tó parí, obìnrin méjì ti wá yá gíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi gé àlùbọ́sà.

Ìyàwó mi fẹ́ràn ìtàn gíláàsì yìí púpọ̀. Bí àlejò bá wá bá wa, kí wọ́n tó mu omi tán á ti ní, “Dádì, ẹ sọ ti gíláàsì Màmá fún wọn,” á sì ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó dé ibi ẹ̀rín. Mo sọ ọ́ fún àwọn tó wá kí wa lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àga tó máa ń jókòó sí ni mo kọjú sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí n máa kọ àwọn ìtàn náà sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Èyí tí mo fẹ́ kọ gan-an kì í ṣe ti gíláàsì, ti akoto ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Bàbá Àgbà, baba tó bí Bàbá mi. Iyàrá àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún bí ẹ bá wọ ilé ni tirẹ̀. Kì í jí kó má rin orín, orín kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí oòrùn fi ń mú. Ìwà ọmọlúàbí ló fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ ogbó. Ó lè wà nínú yàrá pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, kó mọ̀ pé ọmọ kan dúró kí àgbà lójúde. “Ta nìyẹn tí orúnkún rẹ̀ kò dún?” yóò pariwo láti inú ilé. Ohun tó kà sí jù ni ṣíṣí fìlà. Ọ̀yọ́ ni wá, a mọ̀ bí wọ́n ṣe ń kí ọba, ó ní ẹni tó bá fi fìlà lórí kí àgbà, bí ẹni tó kí i láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Nígbà tí ẹnì kan ní orí òun ń tutù láàárọ̀, Bàbá Àgbà ní, “Fìlà ni wọ́n ní kí o ṣí, wọn ò ní kí o ṣí orí.” Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Bàbá mi àti Àlàmú àbúrò rẹ̀, kò nílò ìránnilétí. Ọwọ́ wọn ti mọ ọ̀nà orí fúnra rẹ̀.

Ibi tí ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kì í ṣe àwọn ọmọ Bàbá Àgbà nìkan ló ní ọwọ́ báyẹn. Gbogbo ọkùnrin tó wà nínú kòtò Iresa, bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Láàárọ̀, bí àgbà kan bá ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, àwọn tó kéré sí i yóò ṣí akoto, wọn yóò tẹríba, “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá.” Bàbá mi yóò fọn fèrè láti etí kòtò. “Akoto kì í ṣe fìlà! Ẹ dé e padà!” Wọn yóò gbójú sókè wò ó, wọn yóò rí i pé ọ̀gá ni, wọn yóò tún ṣí akoto láti dá a lóhùn. “A gbọ́, ọ̀gá. Ẹ má bínú, ọ̀gá.” Òkúta kéékèèké kò yé já láti etí kòtò, bí òjò bá sì rọ̀ mọ́jú, wọn a máa já bí èso. Bàbá mi sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ há. Ó kọ òfin sára pákó pẹ̀lú ọ̀dà pupa, ó gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà kòtò: ẹni tó bá ṣí akoto nínú kòtò lẹ́ẹ̀kíní, ìkìlọ̀, lẹ́ẹ̀kejì, ìwé ìkìlọ̀, lẹ́ẹ̀kẹta, kó máa lọ sílé. Ọ̀kan nínú àwọn awakùsà kà á sókè fún àwọn tó kù, ó sì yìn ín pé ìwé náà dára.

Àlàmú, àbúrò Bàbá mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ kòtò náà lọ́dún yẹn. Gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe òkúta nìkan ló ń wá lọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ọjà Igbó, Àbẹ̀kẹ́, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń mú kí Àlàmú gbàgbé ohun tó wá rà. Ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀. Ohun tó kù ni pé kí baba rẹ̀ gbà. Baba ọ̀hún sì ni olórí àwọn awakùsà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kòtò, nítorí orí ilẹ̀ oko ìdílé rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ kòtò sí. Ọkùnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Akoto tirẹ̀ a máa jókòó lórí fìlà rẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́, òun kò ní ìjà kankan pẹ̀lú òfin Bàbá mi. Àwọn tó ń kí i ló ní in, Àlàmú sì ni olórí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa, ẹ mọ bí ènìyàn ṣe ń kí baba ọmọ tó fẹ́ fẹ́. Wọn kì í tẹríba fún un, ilẹ̀ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ sí pátápátá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Àlàmú ṣí akoto dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Kòtò, Bàbá mi kìlọ̀ fún un. Ìgbà kejì, ó ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí òkúta kan tí kò ju èkùrọ́ ńlá lọ já láti òkè, ó bà á ní ìpàkọ́. Fúráìdè yẹn, kò sẹ́ni tó rántí mángòrò. Àlàmú wọlé pẹ̀lú báńdéèjì tó yí orí rẹ̀ ká, Bàbá mi wọlé tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé ìkìlọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún àbúrò rẹ̀. Ìyá mi gbé omi gbígbóná, ó gbé iyọ̀, ó ń fọ ojú ọgbẹ́ náà, Àlàmú ń pariwo ju bí ọgbẹ́ ṣe tó lọ. A gbé èkọ àti mọ́ínmọ́ín kalẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

“Àlàmú,” ni Bàbá mi wí, “ó ku ẹyọ kan.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, baba Àbẹ̀kẹ́ ni. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?”

“Kí akoto má kúrò lórí ẹ.”

“Kí n bo orí kí baba ìyàwó mi?”

“Kò tíì di ìyàwó ẹ.”

“Bí mo bá bo orí kí i, kò ní di í láéláé.”

Bàbá Àgbà yọ orín lẹ́nu. “Òótọ́ ló sọ yẹn.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbè é,” ni Bàbá mi wí. “Bí mo bá rí i lẹ́ẹ̀kẹta, màá lé e. Bí mi ò bá lé e, kò sí ẹni tí màá tún lè sọ fún nínú kòtò yẹn. Bí iṣẹ́ bá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ, kí ló fẹ́ fi fẹ́ ọmọ olọ́mọ?”

“Ẹ̀yin ọkùnrin,” ni Ìyá mi wí, ó fún aṣọ tó fi ń nu ẹ̀jẹ̀, “orí tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó rè é ní ọwọ́ mi. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jinná.”

Àlàmú kò gọ̀. Ó ronú fún gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ó sì rí ọgbọ́n kan. Kò sí àgbà kan nílẹ̀ Yorùbá tó máa ní kí ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹrù sọ ẹrù náà kalẹ̀ láti ṣí fìlà. Nítorí náà, bó bá ti rí Bàbá Kòtò lókèèrè, yóò gbé òkúta tó bá tóbi jù ní ìtòsí, yóò gbá a mọ́ àyà, yóò fi orúnkún nìkan bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá, ẹ má bínú, ọwọ́ mi dí.” Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, bí Bàbá Kòtò bá ti ń bọ̀, wọn á pariwo jẹ́jẹ́, “Àlàmú, ẹrù ìyàwó ti dé o!” wọn á sì yí òkúta sí i. Lọ́jọ́ kan, baba náà dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè nípa Ọ̀yọ́, nípa baba rẹ̀, nípa iṣu ọdún náà, ó bi í léèrè títí tí apá Àlàmú fi ń gbọ̀n bí ewé. Wọ́n ní ó dáhùn gbogbo rẹ̀ láìgbé òkúta náà kalẹ̀. Wọ́n ní bí Bàbá Kòtò ṣe ń lọ, ó kù díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín.

Àsìkò họ́lídè ni ọgbọ́n náà tán. Bàbá mi mú mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwa àti Àlàmú ń gbé inú yàrá kan tó gbà nítòsí Ọjà Igbó, láàárọ̀ a ó wọ ọkọ̀ kọ́ńpìnnì lọ sí Iresa. Ó gbà pé kí n jókòó sí ẹnu ilé pákó tí wọ́n ń kó akoto àti bàtà iṣẹ́ sí, lẹ́yìn okùn tí wọ́n fi yí etí kòtò ká, pẹ̀lú akoto lórí. Akoto náà bò mí mọ́lẹ̀ dé ọrùn, Bàbá mi sì fi gèlè Ìyá mi tó ti gbó dí inú rẹ̀ kó má baà máa bo ojú mi. Inú mi dùn sí akoto yìí dé ibi pé mo fẹ́ ẹ́ máa fi sùn. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń wo inú kòtò bí ẹni tó ń wo inú ìkòkò. Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rí Bàbá Kòtò tó ń sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin méjì tí mi ò mọ̀ sì tẹ̀ lé e, àwọn náà dé akoto. Àwọn àbúrò rẹ̀ ni. Wọ́n wá wo ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn.

Àlàmú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkúta sínú agbọ̀n ni, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí òkúta kankan nítòsí. Ó gbójú sókè wo etí kòtò, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Mo ń wo Bàbá mi, mo rí i pé òun náà ń bẹ̀bẹ̀, àmọ́ mi ò mọ ẹni tó ń bẹ̀. Àlàmú sún mọ́ wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà kan ilẹ̀. Akoto wà lórí rẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá mi.”

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò náà ní, “Ṣé orí pípá ló ń bò mọ́lẹ̀ ni, àbí ó ti ju ẹni tó ń ṣí fìlà fún wa lọ?” Bàbá Kòtò kọjá lára Àlàmú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àbẹ̀kẹ́ wá sí yàrá wa, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò jókòó. Ó ní baba òun ní ẹni tó bá lè bo orí kí òun lójú àwọn àbúrò òun, bó bá mú ọmọ òun délé tán, kò ní kí òun rárá. Baba rẹ̀ ní kí a má wá tọrọ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó lọ, Àlàmú yíjú sí Bàbá mi. Mi ò tíì gbọ́ kó bá a sọ̀rọ̀ báyẹn rí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fi fèrè yín fọn ìyàwó mi lọ.” Bàbá mi gbé àwo oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Fúráìdè, a padà sí Ọ̀yọ́, Bàbá mi sì ro ẹjọ́ náà fún Bàbá Àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dúró lórí ẹsẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Bàbá Àgbà rin orín títí.

“Ta ló ní kó má ṣí i?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ta ló kọ́ ọ pé kó máa ṣí i?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Àwa méjèèjì la ṣẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Sọ fún ìyàwó rẹ kó wá iṣu tó dára. Ọ̀la la ó lọ bẹ̀ wọ́n.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Iresa ní àárọ̀ Sátidé, Bàbá Àgbà níwájú pẹ̀lú fìlà abetí ajá rẹ̀, Bàbá mi àti Àlàmú lẹ́yìn pẹ̀lú iṣu àti ìgò oyin kan, èmi láàárín wọn pẹ̀lú akoto mi lórí, nítorí pé mo ti kọ̀ láti bọ́ ọ kúrò láti àná. Ìyá mi ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, ó ní ẹni tó bá ń lọ síbi ìjà, ó dára kó ní nǹkan lórí. Ojú ọ̀nà yẹn gùn lọ́jọ́ náà.

Bàbá Kòtò àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. A dọ̀bálẹ̀, gbogbo wa, Bàbá Àgbà nìkan ló kàn tẹríba. Wọ́n gba iṣu, wọn kò gbé e wọlé. Mo rí ojú Àbẹ̀kẹ́ lẹ́yìn aṣọ ẹnu ilẹ̀kùn, mo rí i pé Àlàmú náà rí i. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó sọ ti òkúta, ó sọ ti òjò, ó sọ iye ẹsẹ̀ tí kòtò náà jìn. Bàbá Kòtò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Ṣéfítì,” ló wí, “mo ti mọ òfin yín, ojoojúmọ́ ni mò ń pa á mọ́. Òfin tiwa ńkọ́? Ibo lẹ gbé e kọ́?”

Ìgbà náà ni Bàbá Àgbà ní, “Gbádé, wá níbí.” Mo sún mọ́ ọn. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ó bọ́ akoto kúrò lórí mi, pẹ̀lú gèlè Ìyá mi nínú rẹ̀, ó gbé e ka orí ara rẹ̀. Ó ga sókè lórí ewú rẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n gbé lé àdìrò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni bàbá yìí, tó ju gbogbo ẹni tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ náà lọ lọ́jọ́ orí, fi ọwọ́ lélẹ̀, ó fi orúnkún lélẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Wọ́n fò dìde. “Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ dìde!”

“Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ níbi tí mo wà,” ni ó wí, ẹnu rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀. “Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí láti máa ṣí fìlà. Mo kọ́ ọ dáadáa. Ó ṣí i fún yín títí òkúta fi bà á lórí. Ọgbẹ́ tó wà ní ìpàkọ́ rẹ̀ yẹn, ibi tó ti ń kí yín ló ti gbà á. Bí ẹ bá ní kó tún ṣí i ní Mọ́ńdè, yóò ṣí i, mo mọ ẹni tí mo bí. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, ìkíni àárọ̀ wo ló dùn tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ ó fi sọ ọmọ yín di opó nítorí rẹ̀?”

Ọmọdé ni mí, mo di fìlà Bàbá Àgbà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, opó, lẹ́nu àwọn àgbà, mo sì rò pé oyè kan ni.

Bàbá Kòtò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di Bàbá Àgbà lápá, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ sì gbé e dìde. Ó ń wo akoto náà. Lẹ́yìn náà ló ká ìka, ó sì kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. “Bàbá Ọ̀yọ́,” ló wí, “ṣé ẹ wà nílé?”

“Mo wà nílé,” ni Bàbá Àgbà dáhùn láti abẹ́ akoto. “Ẹ máa wọlé.”

Àwọn àbúrò náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló sì gbé iṣu wọlé. Ṣùgbọ́n Bàbá Kòtò kò sọ pé ó gbà, kò sì sọ pé kò gbà. Nígbà tí Àlàmú dọ̀bálẹ̀ láti dágbére, láìbo orí, ohun tó sọ fún un kò ju “A ó rí i ní Mọ́ńdè.” Àlàmú fi gbólóhùn yẹn gba ọjọ́ méjì. Ó bi Ìyá mi, ó bi mí, ó tiẹ̀ bi ewúrẹ́ Bàbá Àgbà pé kí ni ìtumọ̀ “a ó rí i.” Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó dúró gbàdúrà títí wọ́n fi pa agogo pé kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé.

Òjò rọ̀ mọ́jú Mọ́ńdè. Bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ kòtò títí tó fi yẹ gbogbo etí rẹ̀ wò. Nígbà tó gbà kí wọ́n wọlé, àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, Bàbá Kòtò sì wá kẹ́yìn. Mo wà ní ipò mi lẹ́yìn okùn. Mo rí ọgbọ̀n ọwọ́ tó gbéra lọ síbi akoto lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọwọ́ ṣe ń lọ síbi tó ti mọ̀. Bàbá mi fi fèrè sẹ́nu. Ṣùgbọ́n Bàbá Kòtò ti dúró, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kí ẹnikẹ́ni tó ṣí nǹkan kan. Ó ká ìka, ó kan akoto orí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kó, kó. “Ẹ káàárọ̀ o,” ló wí. “Bí a ó ṣe máa kí ara wa níbí nìyí. Ẹni tó bá dé òkè, kó ṣí fìlà bó ṣe wù ú.” Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn kan tirẹ̀. Ẹnì kejì kàn án. Lẹ́yìn náà ni gbogbo kòtò bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kókó, kókó, kókó, bí yìnyín tó ń bọ́ lu páànù, pẹ̀lú “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá” àti ẹ̀rín.

Àlàmú kò kan nǹkan kan. Ó ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, akoto lórí, ó ń dúró. Ariwo náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Bàbá Kòtò rìn lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kan akoto rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́.

“Dìde, ọmọ mi,” ló wí. “Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní kí n bi ọ́ léèrè ọjọ́ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ.”

Bàbá mi, tí kò tíì mí láti ìgbà tó ti fi fèrè sẹ́nu, wá mí kanlẹ̀ jáde, fèrè náà sì ké fíìì, láìṣe pé ó fẹ́ ẹ fọn. Gbogbo ọkùnrin inú kòtò, pẹ̀lú Àlàmú tí ẹrẹ̀ ń kán ní àyà rẹ̀, ju ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n di akoto wọn mú.